Bíríkìlà ti gbowó sá kúrò nílé tí mo rà n'Íjẹ̀bú-Òde. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Alákòóso, ẹ ṣeun tí ẹ bá mi fi orúkọ pamọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ dà mí lórí rú. Mo ra ilé àtijọ́ kan lọ́nà Ìjagun, ilé oníyàrá mẹ́jọ tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín. Mílíọ̀nù 9 náírà ni mo rà á. Èrò mi ni pé kí n sọ ọ́ di self-contain mẹ́rin fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Tai Solarin, torí ẹni tó bá mọ àdúgbò yẹn mọ̀ pé yàrá kì í pẹ́ ṣófo níbẹ̀ tí wọ́n bá ti wọlé. Mo yá owó àjẹṣẹ́kù kún un, wọ́n sì ti ń yọ ọ́ nínú owó oṣù mi báyìí.

Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló júwe bíríkìlà yìí fún mi. Mo san mílíọ̀nù 2.4 fún un pé kó ṣí òrùlé, kó wó ògiri inú, kó gbé ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí òrùlé o. Páànù àtijọ́ yẹn, ó kó o tà, kò sọ fún mi. Igi òrùlé tí ikán ò tíì fọwọ́ kàn, mi ò mọ ibi tó gbé e gbà. Ó wó ògiri méjì, ó gbẹ́ ihò sókawéè débi tó mu èèyàn dé àyà, ló bá di pé kò gbé fóònù mi mọ́. Láti ìgbà Iléyá ni òjò ti ń rọ̀ sínú ilé yẹn. Táìlì tí mo ní kó rà, aláwọ̀ eérú ni mo sọ, pupa ló kó wá, páálí lórí páálí. Nígbà tí mo bá a wí, ó ní obìnrin ò mọ nǹkan kan nípa ilé kíkọ́. Ọkọ àbúrò mi tó yẹ kó gbè mí lẹ́yìn dúró níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú tó kọjá ni mo pàdé rẹ̀ lójúkojú lọ́jà Òkè-Ajé. Ó ní òun ò lè padà síbẹ̀, kí n lọ yanjú ara mi kọ́kọ́ ná. Ẹni tó jẹ owó mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lójú àwọn ará ọjà!

Ṣé kí n mú ọlọ́pàá lọ bá a ni, àbí kí n gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má bú mi, ó ti rẹ̀ mí.

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù: Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ pọ́lọ́mbà nígbà tí mò ń tún ilé mi ṣe kò ṣeé fẹnu sọ. Ó so páìpù omi mọ́ ti ìgbọ̀nsẹ̀, ayálégbé ló kọ́kọ́ gbóòórùn. Ìyẹn tún dá wàhálà ayálégbé sílẹ̀, kò san owó ilé ọdún kejì, ó ní òun ti fi ra omi. Ọdún náà parí kó tó kó jáde. Mú ọlọ́pàá lọ bá bíríkìlà yẹn kíákíá.

Bíríkìlà Òde-Rẹ́mọ: Kì í ṣe gbogbo wa ni olè o. Mà, ẹ dá mi lóhùn: ògiri amọ̀ ni àbí bùlọ́ọ̀kù? Tó bá jẹ́ amọ̀, iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un gan-an ò tọ̀nà bí ẹ ṣe là á sílẹ̀ yẹn. Amọ̀ kì í bá omi ṣọ̀rẹ́. Ẹ gbé ilé ìwẹ̀ tì í, omi á máa fà mọ́ ọn lábẹ́ táìlì, sìmẹ́ńtì tí wọ́n rẹ́ sí i lára ò ní jẹ́ kó gbẹ, ẹsẹ̀ ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ohun tí àwa máa ń ṣe ni pé a ó yọ ibi tó máa kan omi kúrò pátápátá, a ó da ìpìlẹ̀ tuntun síbẹ̀, a ó fi bùlọ́ọ̀kù gbé e, a ó sì gbé pílà onírin sí àwọn igun kí òrùlé tuntun lè jókòó lé irin, kó má jókòó lé amọ̀. Sókawéè yẹn ńkọ́? Ṣé kànga wà nítòsí? Mítà 30 ló yẹ kó wà láàárín wọn, ó kéré tán.

Ẹni tó béèrè: Amọ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́ ẹ dáadáa, ẹ ò lè mọ̀. Kànga aládùúgbò wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì, kò jìnnà. Bíríkìlà yẹn ò sọ ìkankan nínú èyí fún mi. Ẹ ò wá rí i pé kò mọ iṣẹ́? Táìlì pupa yẹn ṣì wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rà á.

Lọ́yà Ìlíṣàn: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ta ló ta ilé yìí fún yín? Àwọn wo ló fọwọ́ sí ìwé?

Ọmọ Ìpèru: Ẹ wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí ẹ kọ́ ilé alájà kan síbẹ̀. Kí lèèyàn ń fi amọ̀ ṣe lóde òní?

Bíríkìlà Òde-Rẹ́mọ: Ọmọ Ìpèru, ṣé ìwọ lo máa fún wọn lówó ẹ̀? Ilé amọ̀ tí àwọn baba wa kọ́ ṣì dúró káàkiri Rẹ́mọ. Òrùlé ló ń dáàbò bò ó. Ní báyìí tí wọ́n ti ṣí i, òjò ló máa wó o. Mà, ẹ fi tàpólì bò ó lálẹ́ òní, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ọmọ Ìpèru: Mi ò bá ẹ jà. Mo ní ilé méjì tí mo fi ń gbowó, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Amọ̀ ò níye lórí tí ẹ bá fẹ́ tà á.

Ẹni tó béèrè: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé, mà. Ìpèru, mi ò ní owó àtiwó o. Màá wá tàpólì lọ́la.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, Ìjẹ̀bú-Igbó: Àbúrò, lọ́yà bi ẹ́ ní ìbéèrè, o fò ó. Èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n. Bíríkìlà kì í ṣàdédé ní kí èèyàn lọ yanjú ara rẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ̀gbọ́n, mi ò fò ó, ọ̀rọ̀ bíríkìlà ni mo bá wá síbí. Ọmọ onílé gan-an ló tà á fún mi. Inú ilé yẹn ló ń gbé, òun ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ó fún mi ní rìsíìtì, lọ́yà tirẹ̀ kọ àgírímẹ́ǹtì fún wa. Kì í ṣe ilé ẹbí o! Baba tó bí wọn ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ.

Lọ́yà Ìlíṣàn: Ṣé baba náà ṣì wà láyé? Tó bá ti kú, ṣé ó ṣe ìwé ìpíngún? Ọmọ mélòó ló fi sílẹ̀?

Ẹni tó béèrè: Ó ti kú tipẹ́. Mi ò gbọ́ nípa ìwé ìpíngún kankan. Ìyàwó mẹ́ta ló ní. Ẹni tó ta ilé fún mi, ọmọ ìyàwó kejì ni. Àwọn yòókù ò sí nílé, Lọ́ńdọ̀nù ni dáwódù wọn wà, ó pẹ́ tó ti wálé kẹ́yìn.

Lọ́yà Ìlíṣàn: Mà, ilé ẹbí nìyẹn. Baba ló kọ́ ọ lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ tó kú láìṣe ìwé ìpíngún, ó ti di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ pọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Láti 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni ilé ẹjọ́ ti là á sílẹ̀: bí ọmọ ẹbí kan bá ta ohun ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kò tà á rárá. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìsọ fún àwọn àgbà ẹbí, ìyẹn wà títí ilé ẹjọ́ yóò fi fagi lé e. Tiyín, ti àkọ́kọ́ ni, torí dáwódù tó jẹ́ olórí ẹbí ò sí níbẹ̀. Ṣé kò tíì sí ẹni tó wá bá yín?

Ẹni tó béèrè: Ẹnì kan wá ní ọjọ́ kejì Ojúde Ọba. Dáwódù wọn ni, wọ́n ní ayẹyẹ ló bá wálé. Ó bá òrùlé ní ṣíṣí, ó kígbe mọ́ bíríkìlà àti àwọn lébìrà, ó ní ẹni tóun bá tún rí níbẹ̀, òun máa tì í mọ́lé. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri iwájú pé ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Lọ́yà rẹ̀ kọ lẹ́tà sí mi. Mo ti ní kí wọ́n kun ọ̀dà funfun bo èyí tí wọ́n kọ. Mílíọ̀nù 9 ni mo san, mi ò jí ilé.

Bíríkìlà Òde-Rẹ́mọ: Háà! Mà! Ṣé ẹ̀yin ẹ̀ bá dúró níbẹ̀? Ọkùnrin yẹn ò sá, wọ́n lé e ni. Owó páànù tó tà, kó san án, mo gbà. Ṣùgbọ́n olè tí a ti ń pè é látàárọ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Ìbejì, Ṣàgámù: Mo ti ní kó mú ọlọ́pàá lọ. Àbúrò mi, ẹ ò bá ti sọ èyí látòkè.

Ọmọ Ìpèru: Ẹ tètè lọ sí Abẹ́òkúta, ẹ gba C of O kí àwọn tó gbà á. Ẹni tó bá ní ìwé gómìnà ló nilé.

Lọ́yà Ìlíṣàn: Rárá o, ẹ má tíì fowó ṣòfò lọ sí Òkè-Mọ̀sán, ọ́fíìsì gómìnà l'Abẹ́òkúta. Ìwé tí gómìnà fọwọ́ sí lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti 1978 kò lè wo títà tí kò tọ̀nà sàn. Ẹni tó ní ilé yóò lọ sílé ẹjọ́, wọ́n á sì fagi lé e. Ọlọ́pàá náà ò lágbára láti sọ ẹni tó nilé. Mà, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹ ti gba lẹ́tà. Gbogbo sìmẹ́ńtì tí ẹ bá lò síbẹ̀ lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, ó ṣòro kí ilé ẹjọ́ tó ní kí wọ́n san án padà fún yín. Ẹ dá iṣẹ́ dúró. Tàpólì nìkan ni kí ẹ fi bò ó, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ má kun ọ̀dà sí ohunkóhun mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, Ìjẹ̀bú-Igbó: Ìbínú ò lè yanjú ẹ̀. Wá àgbàlagbà méjì, ẹ jọ lọ bá dáwódù yẹn kó tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ara ń ta á torí wọ́n ta ilé baba rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ìwọ ló ń bá jà.

Ẹni tó béèrè: Kí n lọ kúnlẹ̀ fún ẹni tó pè mí ní olè? Owó mi ni mo fi rà á.

Lọ́yà Ìlíṣàn: Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ kúnlẹ̀, mà. Ẹ lọ bi wọ́n bóyá ẹbí fẹ́ tà á. Tí wọ́n bá gbà, ìwé tuntun la máa kọ: dáwódù á fọwọ́ sí i, ẹnì kan láti ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, á fọwọ́ sí i, ìdí mẹ́ta nìyẹn. Ẹni tó gba mílíọ̀nù 9 lọ́wọ́ yín gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó sọ ibi tí owó wà, kí wọ́n lè kà á mọ́ iye tí wọ́n bá pè. Tí wọn ò bá tà á, ọwọ́ rẹ̀ la ti máa gba owó yín padà. Ìgbà wo ni dáwódù ń lọ?

Ẹni tó béèrè: Wọ́n ní ọjọ́ Sátidé. Ẹni tó tà á fún mi ti pa fóònù láti àná. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni mo bá nílé.

Lọ́yà Ìlíṣàn: Ẹ jẹ́ ká lọ lọ́la, kó má di Ẹtì. Ẹ kó rìsíìtì, àgírímẹ́ǹtì, ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ ní báńkì àti lẹ́tà yẹn dání. Mo ti kọ nọ́ńbà mi sí yín ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹni tó béèrè: Mo ti rí i. Àbúrò ìyá mi l'Ódò-Ẹ̀gbọ máa tẹ̀ lé wa, wọ́n mọ ìdílé yẹn. Agogo mẹ́jọ àárọ̀, sà.