Àwo orin àkọ́kọ́ DOMi àti JD Beck: ẹ sọ bó ṣe bá yín

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde. Dùùrù ni mò ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ábẹ́òkúta, àbúrò mi ọkùnrin ló ń lu dúrọ́ọ̀mù. Nígbà tí NOT TIGHT, àwo wọn yìí, jáde ní oṣù Keje ọdún 2022, mo fi sórí fóònù, mo ní kó wá gbọ́. Orin kan kò tíì parí tó fi ní, "Bọ̀dá mi, kọ̀ǹpútà ló ń lu èyí. Ọwọ́ ènìyàn kò lè yá tó báyìí kó sì tún dá ṣáká."

Mo wá fídíò wọn fún un. Ọwọ́ ènìyàn ni! JD Beck, ọmọ Dallas ní Amẹ́ríkà, kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà. Ìlù rẹ̀ kò pọ̀, ohùn wọn sì gbẹ: á dún "kẹ́", ó ti tán, kì í fà. Irú ìlù tí àwọn ẹlòmíì máa ń tò sórí kọ̀ǹpútà fún orin ijó, igi ló fi ń lù ú. DOMi tó ń tẹ dùùrù, ọmọbìnrin ará Faransé tó kọ́ṣẹ́ orin ní ilé ẹ̀kọ́ Berklee ní Boston, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń ṣe báàsì, ọwọ́ ọ̀tún ló ń ṣe gbogbo yòókù. Ibẹ̀ gan-an ló ti mú èmi. Mo fi ọwọ́ òsì nìkan tẹ̀lé e, báàsì yẹn tó orin láyè ara rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, àbúrò mi ká táwẹ́lì lé ìlù tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rọra lù ú. Olórí ẹgbẹ́ akọrin bi wá pé ta ló ra ẹ̀rọ tuntun fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn kan ní jáàsì kọ́ nìyẹn, torí Snoop Dogg àti Busta Rhymes, àwọn olórin ráàpù, wà nínú rẹ̀. Mi ò gbà rárá. Blue Note, ilé iṣẹ́ tó ti ń gbé jáàsì jáde láti 1939, ló gbé e jáde pẹ̀lú ilé iṣẹ́ olórin Anderson .Paak. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, èyí tí àwọn méjèèjì dá ṣe wọ̀ mí lára ju ti àwọn àlejò lọ.

*

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Àlejò ló fà mí wọ inú rẹ̀ ní tèmi. London ni mo ń gbé, bàbá mi sì ní àwọn àwo Herbie Hancock, àgbà atẹdùùrù jáàsì, tí wọn kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn. Nínú orin tí wọ́n pè ní MOON, mo gbọ́ ohùn kan tó gba inú ẹ̀rọ kọjá, bíi pé dùùrù ló ń sọ̀rọ̀. Mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí bẹ́ẹ̀ náà ni Hancock ṣe kọrin nínú àwo rẹ̀ ti 1978. Ó ti pé ọdún 82 nígbà tí NOT TIGHT jáde.

Mo gbé e sí bàbá mi létí. Wọ́n ní, "Àwo Herbie wo lèyí tí mi ò ní?" Nígbà tí mo sọ ọjọ́ orí àwọn tó ni í, wọ́n ní kí n dá a padà síbẹ̀rẹ̀. Ní ẹ̀bùn orin Grammy ọdún 2023, wọ́n yan DOMi àti JD Beck mọ́ àwọn tó ń du ipò olórin tuntun tó dára jù. Samara Joy, tó ń kọ jáàsì bíi ti àtijọ́, ló gbà á. Bàbá mi ní jáàsì ló wọlé, ìyẹn tó.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ àbúrò yín kó fi fídíò táwẹ́lì yẹn ránṣẹ́. Onílù wa níbí ń dúró.