Báwo ni ìjọba Dòsùnmú ì bá ṣe bọ́ lọ́wọ́ ọdún 1861?

Ìbéèrè

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìtàn Èkó. Ní ìparí ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun orí omi Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Kòsọ́kọ́, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè tí Kòsọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1845. Akítóyè wàjà ní ọdún 1853, Dòsùnmú ọmọ rẹ̀ sì jọba; ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà tí wọ́n gbé bàbá rẹ̀ wọ ààfin mú kí ó fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di tiwọn. Ká ní kí Èkó ṣì wà lábẹ́ ọba tirẹ̀, kí ni ì bá ti yàtọ̀?

Ìdáhùn kìíní

Lójú tèmi, oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854 ni àǹfààní náà bọ́. Kòsọ́kọ́, tí ó ti tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, bá Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àdéhùn pé òun kò ní du oyè Èkó mọ́, wọ́n sì gbà pé kí ó máa fi Palma ṣe èbúté tirẹ̀. Àjèjì ló parí ìjà ọmọ ilé kan náà, nítorí Ológun Kútere tí ó bí Akítóyè ni bàbá àgbà Kòsọ́kọ́. Ká ní àwọn olóyè Èkó ló parí ìjà yẹn, tí Kòsọ́kọ́ sì kó àwọn jagunjagun rẹ̀ padà wálé, Dòsùnmú ì bá ní ọmọ ogun tirẹ̀, kì bá sì máa wo ojú aṣojú Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó ṣe ohunkóhun. Dípò bẹ́ẹ̀, ní ọdún 1856, ó lé Ẹfúnróyè Tinúbú kúrò nílùú nítorí pé Campbell fẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni obìnrin yìí ti fi owó àti ènìyàn gbè lẹ́yìn Akítóyè, bàbá Dòsùnmú. Ó máa ń dùn mí púpọ̀.

Ìdáhùn kejì

Ẹ̀gbọ́n, mo gba ọ̀rọ̀ yín nípa Tinúbú, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti pinnu. Oṣù Kẹfà ọdún 1861 ni Lord John Russell, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ti kọ̀wé pé kí wọ́n gba Èkó, nítorí òwò ẹrú, nítorí epo pupa, àti nítorí ìbẹ̀rù pé Faransé lè ṣáájú wọn. Àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ lé Gẹ̀ẹ́sì padà lóòótọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851, ṣùgbọ́n nígbà tí ìbọn ńlá dé ní oṣù Kejìlá, ìlú jóná.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo rò pé ó lágbára jù. Àwọn olóyè Ìdéjọ ló ni ilẹ̀ Èkó, ọba kò sì lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ tọrẹ. Ní ọdún 1921, nínú ẹjọ́ Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ, ìgbìmọ̀ adájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù gbà pé ìwé 1861 kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Ká ní àwọn Sàró, àwọn tí wọ́n bọ́ lóko ẹrú tí wọ́n sì ti Sierra Leone padà wálé, tí wọ́n mọ̀wé, bá àwọn Ìdéjọ kọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí sílẹ̀ kí Dòsùnmú tó fọwọ́ sí i, bóyá ààbò lásán ni Gẹ̀ẹ́sì ì bá béèrè, bí wọ́n ti ṣe ní Zanzibar láti ọdún 1890, níbi tí ọba wà títí di oṣù Kìíní ọdún 1964.

Èsì olùbéèrè

Ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n Zanzibar kò tù mí nínú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1896, nígbà tí Khalid bin Barghash gorí oyè láìgba àṣẹ wọn, Gẹ̀ẹ́sì wó ààfin lulẹ̀. Abẹ́òkúta ni èmi yóò wò, tí àdéhùn ọdún 1893 gbà pé ó dá dúró, tí ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1914. Àwọn Ẹ̀gbá ní ọmọ ogun, wọ́n sì ń gba owó ibodè fúnra wọn. Ní ti Dòsùnmú, 1,200 ọ̀kẹ́ owó ẹyọ lọ́dún ni wọ́n fi rọ́pò owó tí ń wọlé fún un tẹ́lẹ̀, láti ọwọ́ àwọn kan náà tí wọ́n gba ìlú rẹ̀. Nítorí náà, mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n lórí ọdún 1854, ṣùgbọ́n owó ibodè Èkó ni ì bá kọ́kọ́ jẹ́ ohun tí Dòsùnmú àti Kòsọ́kọ́ jọ fọwọ́ mú.