Ta ni yóò gba ti CAF? Ẹ wá sọ bí ẹ ṣe ń kọ àsọtẹ́lẹ̀ yín

Alága Àpótí, Adó

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé àti ará oko. Ìwé àsọtẹ́lẹ̀ àmì-ẹ̀yẹ tí CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, máa ń fún agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ti ń yí láti ilé ìwòran kan bọ́ sí òmíràn, láti Òkèṣà títí dé Ìkọ̀lé. Ẹni tó bá gbẹ́yìn ni yóò ra iyán fún àwọn yòókù, ìyẹn kò yí padà. Kí kálukú kó ọgbọ́n tó ní sílẹ̀ níbí: kí lẹ máa ń wò kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ, ibo ni àwọn èèyàn sì ti máa ń ṣìnà? Ẹ má wá sọ fún wa pé ọkàn yín ló sọ ọ́. Ọkàn kì í dìbò ní CAF.

Ọmọ Ìjerò

Ọ̀dọ̀ àwọn olùdìbò gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jìn sí kòtò. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ bọ́ọ̀lù CAF ń dìbò, àwọn oníròyìn ń dìbò, akọ́nimọ̀ọ́gbá àti balógun ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ń dìbò, àwọn kílọ́ọ̀bù tó dé ìpele ìsọ̀rí nínú ìdíje kílọ́ọ̀bù Áfíríkà náà sì ní ohùn. Ẹ wá ro balógun ẹgbẹ́ Lesotho tàbí ti Comoros wò. Kì í jókòó wo líìgì Ítálì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àṣekágbá ńlá ló rí, ìròyìn ló gbọ́, tàbí kó jẹ́ pé agbábọ́ọ̀lù náà ti wá da ilé rú fún wọn nínú ìdíje orílẹ̀-èdè. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rántí ni kí ẹ máa wá, kì í ṣe ohun tí ẹ̀yin rántí.

Ti Okocha ló fi í hàn jù. Ní 2003 àti 2004, òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà ti BBC, èyí tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù fúnra wọn dìbò fún. Lọ́dún méjèèjì yẹn náà, Eto'o ni CAF gbé tiwọn fún. Àwọn tó dìbò ló yàtọ̀. Okocha kò gba ti CAF títí ó fi bọ́ bàtà. Ẹni tó bá ń fi ariwo Ọjà Ọba díwọ̀n ìbò CAF, kó tètè máa tọ́jú owó iyán.

Ẹ ṣọ́ra fún àkọsílẹ̀ àtijọ́ náà. Ìwé ìròyìn France Football ló ti ń yan agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà láti 1970. CAF bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1992, méjèèjì sì jọ ń lọ títí di 1994. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí i pé ní 1993, CAF yan Rashidi Yekini nígbà tí France Football yan Abedi Pelé. Ní 1994, Amunike ni ti CAF, Weah ni ti France Football. Ẹni tó bá da orúkọ méjèèjì pọ̀ láti íntánẹ́ẹ̀tì, tó wá ń wá àpẹẹrẹ nínú rẹ̀, omi ló ń fi apẹ̀rẹ̀ pọn.

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti sọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ jẹ́ n fi ti ọjọ́ kún un, torí ọdún tí wọ́n kọ sára ife lè ṣi èèyàn lọ́nà. Ife Áfíríkà tí wọ́n pè ní ti 2023, oṣù kìíní sí oṣù kejì 2024 ni wọ́n gbá a, nítorí náà inú àmì-ẹ̀yẹ 2024 ni iṣẹ́ ibẹ̀ bọ́ sí. Ti àwọn obìnrin tí wọ́n pè ní 2024, oṣù keje 2025 ni wọ́n gbá a. Ayẹyẹ CAF fúnra rẹ̀ kò ní ọjọ́ kan pàtó: oṣù keje ni wọ́n ṣe ti 2022, oṣù kejìlá ni ti 2023 àti 2024, ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ni ti 2025. Ní 2020 àti 2021, kò sí rárá nítorí kòrónà. Kí ẹ tó kọ orúkọ kankan, ẹ wá ọjọ́ tí CAF ní àwọn ń kà láti ìgbà báyìí sí ìgbà báyìí. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ pa á tì, bó ti wù kó dùn tó.

Bí ẹ bá wá fi ọjọ́ sí ipò rẹ̀, ti Osimhen tó gba ti 2023 àti ti Lookman tó gba ti 2024 yóò hàn kedere. Ní 2023, kò sí Ife Áfíríkà láàárín àkókò tí CAF kà, iṣẹ́ kílọ́ọ̀bù ló gbé Osimhen lékè. Osimhen gbá góòlù 26 wọlé nínú líìgì, Napoli sì gba ife líìgì Ítálì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1990. Ní 2024, Ife Áfíríkà wà níbẹ̀, Nàìjíríà sì pàdánù àṣekágbá 2-1 sọ́wọ́ Côte d'Ivoire ní ọjọ́ 11 oṣù kejì. Ohun tó gbé Lookman lékè ni alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún ní Dublin: góòlù mẹ́ta, òun nìkan, nínú àṣekágbá Europa League. Leverkusen tí Atalanta sì nà 3-0 yìí, wọn kò tíì pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ní sáà yẹn, 51 ni wọ́n ti gbá lẹ́sẹẹsẹ. Irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni balógun Comoros yóò rántí. Èmi a máa gbé alẹ́ kan tí gbogbo ayé wò lórí ìwọ̀n ju góòlù mẹ́wàá tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹni tó bá ti gba ife ti gba àmì-ẹ̀yẹ. Yaya Touré ni balógun Côte d'Ivoire tó gba Ife Áfíríkà 2015. Ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ yìí lẹ́ẹ̀mẹrin léra, láti 2011 dé 2014. Síbẹ̀, lọ́dún 2015 yẹn, àmì 143 ni Aubameyang ará Gabon fi na 136 tirẹ̀. Méje péré! Gabon kò tilẹ̀ jáde ní ìpele ìsọ̀rí níbi ìdíje yẹn. Nígbà náà, akọ́nimọ̀ọ́gbá tàbí olùdarí ètò bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń dìbò. Ẹni tó bá ti gba nǹkan kan léraléra, ojú rẹ̀ a máa sú àwọn olùdìbò.

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀fọ̀n

Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ẹ̀yin ọkùnrin a kàn máa sáré kọ orúkọ ọmọ Nàìjíríà sí ti obìnrin, ẹ ò ní wo nǹkan kan. Ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa ń pàdánù.

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje 2025, Morocco ti gbá góòlù méjì sáwọ̀n Super Falcons kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Falcons jí padà, wọ́n fi 3-2 gba ife náà lọ́wọ́ onílé ní Rabat. Rasheedat Ajibade ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje náà. Ìwé tó wọlé ní oṣù kọkànlá, orúkọ Ajibade ló kún inú rẹ̀. Ghizlane Chebbak ará Morocco ló gba àmì-ẹ̀yẹ CAF. Òun ló gbá góòlù jù nínú ìdíje náà, márùn-ún, òun náà ló sì ṣí góòlù nínú àṣekágbá yẹn. Ẹgbẹ́ tó pàdánù ló ti wá o. Bí olórí agbágóòlù bá wà nínú mẹ́ta tó kù lẹ́yìn tí CAF bá ti yọ àwọn yòókù, ẹ má fún un ní àǹfààní tó kéré sí 30 nínú 100, bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn ẹnìkejì tó.

Ti aṣọ́lé obìnrin ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Chiamaka Nnadozie gba ti obìnrin ní 2023, 2024 àti 2025. Ti ọkùnrin, Bounou ní 2023, Ronwen Williams ní 2024, Bounou tún gbà á ní 2025. Góòlù kì í sí nídìí iṣẹ́ aṣọ́lé tí olùdìbò lè kà, nítorí náà orúkọ tó ti mọ̀ ló máa ń tún kọ. Lórí àmì-ẹ̀yẹ aṣọ́lé obìnrin, ẹ gbára lé ẹni tó gbà á lọ́dún tó kọjá. Lórí ti agbábọ́ọ̀lù gbogbogbò, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Òkèṣà

Ẹ̀yin àgbà, ṣé ibi tí wọ́n bá ti ṣe ayẹyẹ náà kì í fà á sí ọ̀dọ̀ ọmọ onílé ni? Morocco ni wọ́n ń ṣe é láti ọjọ́ yìí, Hakimi ló sì gba ti 2025.

Tíṣà Ìkẹ́rẹ́

Àbúrò, ka ìyókù mọ́ ọn. Marrakech ni wọ́n ti ṣe ti 2023 àti ti 2024. Hakimi wà lára àwọn tó kù lẹ́yìn lọ́dún méjèèjì, Osimhen àti Lookman ló sì kó o lọ níwájú àwọn ará ilé rẹ̀. Abuja ni wọ́n ti ṣe ti 2015 àti ti 2016. Aubameyang ará Gabon ló gba ọ̀kan, Mahrez ará Algeria gba èkejì. Ohun tó ran Hakimi lọ́wọ́ ní 2025 ni Champions League tí PSG gbà: òun ló ṣí góòlù nígbà tí wọ́n na Inter 5-0. Ṣùgbọ́n má ṣe gbàgbé pé agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ni. Láti ìgbà tí Bwanga Tshimen ti gba ti France Football ní 1973, kò tún sí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kankan tó gba irú rẹ̀ títí ó fi kan Hakimi. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí kò bá gba ife tó tóbi jù, tí kò sì gbá góòlù nínú àṣekágbá rẹ̀, 10 nínú 100 ti tó o.

Akọ̀wé Ìkọ̀lé

Mo ti ń dúró kí a dé orí 100 yìí. Ìwé tó kàn ní àyè orúkọ kan ṣoṣo kò dára. Ẹni tó fi ojú inú mú un àti ẹni tó ṣírò yóò kàn jọ gba àmì kan náà. Ẹ jẹ́ kí kálukú pín 100 láàárín àwọn tó kù.

Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ óò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ọ́ọ̀dì ilé tẹ́tẹ́ (iye tí wọn yóò san lórí náírà kan), kì í ṣe láti ta á, láti kà á ni. Ká ní wọ́n kọ 1.40 fún ẹni àkọ́kọ́, 3.50 fún èkejì, 8.00 fún ẹ̀kẹta. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan pín 1: ẹ óò rí 0.714, 0.286 àti 0.125. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.125, ó ju 1 lọ. Èyí tó lé yẹn ni èrè ilé tẹ́tẹ́. Ẹ wá fi 1.125 pín ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ óò rí 63.5, 25.4 àti 11.1 nínú 100. Ibẹ̀ ni ìpìlẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹ lè fi ohun tí Ìyá Ìbejì àti Tíṣà sọ gbé e sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kó má ju 10 tàbí 15 lọ, àfi tí ẹ bá ní ìdí gidi. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn ka 1÷1.40, kó rí 71, kó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láì yọ èrè wọn kúrò.

Bí a ṣe ń fún un ní àmì: ẹ sọ 100 di 1, ẹ wo bí ohun tí ẹ kọ ṣe jìnnà sí ohun tó ṣẹlẹ̀ (1 fún ẹni tó gbà á, 0 fún àwọn yòókù), ẹ fi ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́po ara rẹ̀, ẹ ro wọ́n pọ̀. Ẹni tí àpapọ̀ rẹ̀ kéré jù ló borí. Ẹni tó kọ 70, 20, 10, tí ẹni àkọ́kọ́ sì gbà á: 0.09 + 0.04 + 0.01, ó jẹ́ 0.14. Bí ẹnìkejì bá gbà á: 0.49 + 0.64 + 0.01, ó di 1.14. Ẹni tó fi ìgboyà kọ 100, 0, 0, tó sì ṣìnà, 2.00 gbáko ni. Ọ̀kan ṣoṣo irú ìyẹn lè sọ ẹni tó ń ṣíwájú di ẹni tó ń ra iyán. Àwọn tó máa ń fi ẹnu kọ́ àwọn ẹlòmíràn, orí ìlà 100 ni wọ́n ti máa ń ṣubú.

Nípa ìwé fúnra rẹ̀: ẹ má ṣe tẹ fọ́ọ̀mù ẹlẹ́ni mẹ́ta sílẹ̀ ṣáájú. Mẹ́ta ló kù ní 2023, márùn-ún ló kù ní 2024, wọ́n tún padà sí mẹ́ta ní 2025. Ẹ fi ìlà márùn-ún sí i, kẹ́ ẹ sì fi ìlà kẹfà kún un fún "ẹlòmíràn". Bírò ni kí wọ́n fi kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsù. Àpapọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 100 gééré. Ìwé tó bá jẹ́ 95 tàbí 110, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀, torí ẹni tó bá ṣírò ẹ̀ fún un lẹ́yìn náà yóò fa ìjà. Kí a tó ti àpótí, ẹ fi fóònù ya gbogbo ìwé, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó kópa. Bí ẹni méjì bá ta ọ̀mì, àmì tí wọ́n ní lórí ti obìnrin ni kẹ́ ẹ fi yà wọ́n.

Ọmọ Òkèṣà

Ti Ballon d'Or, ti gbogbo àgbáyé, ńkọ́? Ṣé ìṣirò kan náà ni?

Ọmọ Ìjerò

Ìṣirò kan náà, ṣùgbọ́n olùdìbò rẹ̀ yàtọ̀. Oníròyìn ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orílẹ̀-èdè tó wà nínú 100 àkọ́kọ́ ti FIFA, sáà bọ́ọ̀lù ni wọ́n sì ń wò láti 2022, wọn kò wo oṣù kìíní sí oṣù kejìlá mọ́. Wọ́n ń kọ orúkọ mẹ́wàá: ẹni àkọ́kọ́ gba 15, èkejì 12, ẹ̀kẹta 10, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wálẹ̀. Ohun tí ẹ óò ṣọ́ níbẹ̀ ni kí ọmọ kílọ́ọ̀bù kan náà má jẹ ìbò ara wọn. Ní 2024, Rodri gba àmì 1,170, Vinícius ti Real Madrid gba 1,129. Bellingham àti Carvajal, tí àwọn náà jẹ́ ọmọ Real Madrid, ló ṣe ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Bí ẹ bá ti rí ọmọ ilé kan mẹ́ta nínú márùn-ún, ẹ rẹ àkọ́kọ́ wọn sílẹ̀ díẹ̀.

Alága Àpótí, Adó

Ó dáa. A gba ìlà mẹ́fà, a gba bírò, a gba ti Akọ̀wé lórí àmì. Ọjọ́ tí CAF bá kéde àwọn tó kù, ọjọ́ kẹta rẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni a óò ti àpótí. Bó bá jẹ́ Morocco ni wọ́n ti ń ṣe é, aago wọn àti tiwa bára mu, àfi nígbà ààwẹ̀ Ràmàdáánì, aago méje Rabat ni aago méje Adó. Bó bá jẹ́ Cairo, wọ́n fi wákàtí kan ṣíwájú wa (méjì láti ìparí oṣù kẹrin sí ìparí oṣù kẹwàá), kí ẹnikẹ́ni má pẹ́ dé. Epo jẹnẹrétọ̀ ti wà nílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ẹ̀fọ̀n

Ẹ kọ ọ́ sínú òfin náà pé iṣu gidi ni, inú odó ni wọn yóò sì ti gún un. Ẹni tó bá gbé pòǹdó wá, a kò tíì kà á sí ẹni tó san gbèsè.