Ariwo tó ń bá ohùn fóònù mi jáde nínú redíò ọkọ̀

Ọmọ Òkè-Ògùn

Mo kí gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí mo ti náwó lé e lórí lẹ́ẹ̀mejì, ibi tí mo bá a náà ló ṣì wà.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni láti gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ọdẹ ní Òkè-Ògùn. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mo máa ń ti Ìbàdàn lọ sí Ìsẹ́yìn àti Òkèhò, inú ọkọ̀ ni mo sì ti máa ń tún ohun tí mo gbà gbọ́, kí n lè mọ ibi tó rú mi lójú kí n tó padà lọ bi bàbá tó sun ún. Orí fóònù ni àwọn ohùn náà wà. Wáyà AUX ni mo fi so fóònù mọ́ redíò ọkọ̀, mo sì ki ṣájà bọ ihò ìtanná sìgá, nítorí bátìrì fóònù mi kò lè gbé ìrìn àjò náà dé òpin.

Bí mo bá ti ṣíná ọkọ̀ báyìí, ariwo tín-ínrín kan á bẹ̀rẹ̀ nínú sìpíkà, bíi ti yànmùyánmú létí ẹni tó fẹ́ sùn. Bí mo bá tẹná, ariwo náà á gòkè. Bí mo bá dẹsẹ̀, á sọ̀kalẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé orí ohùn ènìyàn gan-an ló ń hó lé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò bá yàtọ̀ síra létí, ọ̀rọ̀ Yorùbá ti dàrú nìyẹn. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, “ọkọ́” ni mo kọ sílẹ̀ níbi tí bàbá ti pe “ọ̀kọ̀”, mo sì ti sọ ohun ìjà ọdẹ di irinṣẹ́ àgbẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi wò ó ní kí n pààrọ̀ wáyà AUX, mo sì pààrọ̀ rẹ̀. Ẹnìkejì ní redíò ló bàjẹ́. Ó ta òmíràn fún mi, òun náà ló sì bá mi dè é mọ́ ọkọ̀. Ariwo kò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Ó ti ṣe èmi náà rí, ẹ̀gbọ́n. Mo pa AUX tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo Bluetooth tó wà nínú redíò fúnra rẹ̀, ariwo sì dáwọ́ dúró. Bí redíò yín kò bá ní Bluetooth, ẹ lè ra èyí kékeré tí wọ́n ń kì bọ ihò AUX. Wọ́n tún sọ fún mi pé bí ènìyàn bá gé wáyà ẹ́ẹ̀tì (èyí tí iná ń gbà padà) tó wà nínú AUX, ariwo á lọ, ṣùgbọ́n èmi kò dán ìyẹn wò.

Rewáyà Ṣáṣá

Ẹ má gé wáyà kankan, ẹ jọ̀wọ́. Wáyà ẹ́ẹ̀tì inú AUX ni ohùn ń gbà padà sínú fóònù. Bí ẹ bá gé e, ohùn á wá ọ̀nà ẹ̀yìn gba inú ṣájà lọ, ariwo tí ẹ ń sá fún á sì tún pọ̀ sí i. Ní ti Bluetooth kékeré yẹn, òótọ́ ni pé ó dára, àmọ́ bí ẹ bá ń fún un ní iná láti inú ihò ìtanná sìgá nígbà tí ó wà lẹ́nu AUX, ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀. Mo ti rí i lára ọkọ̀ àwọn oníbàárà mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wádìí kí a tó ná kọ́bọ̀ mìíràn. Ẹ ṣíná ọkọ̀, ẹ tan iná iwájú, ẹ jẹ́ kí ìjálá máa lọ, kí ẹ wá yọ ṣájà nìkan kúrò lára fóònù. Bí ariwo bá dákẹ́ tàbí tí ó dínkù lójú ẹsẹ̀, ẹ fi pawa bánkì ṣájì fóònù dípò ṣájà ọkọ̀, kí ẹ sì tún fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ AUX kúrò lẹ́nu redíò pátápátá, ṣùgbọ́n ẹ fi redíò sílẹ̀ sórí AUX: bí yànmùyánmú bá ṣì ń ké nígbà tí kò sí ohun kankan lẹ́nu rẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀dọ̀ redíò fúnra rẹ̀ ló ti ń wá, ìyẹn nínú wáyà tó ń gbé iná wọlé tàbí ẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ẹ yá mítà lọ́wọ́ rewáyà àdúgbò yín. Bí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, kí iná orí bátìrì wà láàárín fóòtì 13.8 sí 14.4. Ẹ yí mítà sí AC (iná tó ń lọ, tó ń bọ̀), kí ẹ tún wọn orí bátìrì kan náà. Bí ó bá ju ìdajì fóòtì lọ, ó ṣeé ṣe kí dáyóòdù kan (ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) ti kú nínú alternator, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mú iná jáde bí ẹnjìnnì bá ń yí, owó tí ẹ bá ná sórí redíò kò sì ní í ràn yín lọ́wọ́. Paríparí rẹ̀, ẹ yí i padà sí DC (iná ojú kan), ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan sórí nẹ́gétífù bátìrì, ẹ fi èkejì sára páànù ẹ̀yìn redíò. Iye tó yẹ kí ẹ rí níbẹ̀ kò ju díẹ̀ bín-ín-tín lọ. Bí ó bá ju fóòtì 0.1 lọ, ẹ́ẹ̀tì redíò kò mọ́.

Ọmọ Òkè-Ògùn

Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá rewáyà. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Nígbà tí mo yọ ṣájà, ariwo dínkù gidigidi, ṣùgbọ́n kò tán. Pẹ̀lú pawa bánkì, bákan náà ló rí. Nígbà tí mo yọ AUX kúrò lẹ́nu redíò, mo ṣì ń gbọ́ ọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí mo bá gbé etí sún mọ́ sìpíkà. Orí bátìrì jẹ́ 14.1, ti AC kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá fóòtì. Àmọ́ láti nẹ́gétífù bátìrì sí ẹ̀yìn redíò, 0.32 ni mo bá níbẹ̀ nígbà tí iná iwájú àti fáànù wà ní títàn.

Olùkọ́ Físíìsì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń kọ́ni, ìbéèrè yìí sì wọ̀ mí lára, nítorí ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń rò pé inú ìwé nìkan ló wà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ yín.

Iná tí alternator ń mú jáde kì í ṣe ojú kan. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ ni. Dáyóòdù mẹ́fà ló ń tò ó sójú kan, ṣùgbọ́n wọn kì í lè tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ tán, ìgbì kékeré máa ń ṣẹ́kù lórí rẹ̀. Nínú alternator tí wọ́n sábà máa ń lò, tí ó ní òpó mágínẹ́ẹ̀tì méjìlá, ìgbì 36 ló ń wà nínú yíyí kan ṣoṣo. Bí ẹnjìnnì bá ń yí nígbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, tí alternator sì ń yí ní ìlọ́po méjì àbọ̀ rẹ̀, ìyẹn jẹ́ 2,000, ìgbì náà á jẹ́ 1,200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá tẹná dé 3,000, ó di 4,500. Ìdí nìyí tí ohùn yànmùyánmú náà fi ń gun òkè tẹ̀lé ẹsẹ̀ yín, ìdí náà sì nìyí tí ó fi ń dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́, nítorí àárín ibẹ̀ gan-an ni etí wa ti ń gbọ́ ohun tó ń mú kọ́ńsónáǹtì yàtọ̀ síra.

Báwo ló wá ṣe ń dé inú redíò? Bọ́dì ọkọ̀ ni gbogbo iná ń gbà padà sórí bátìrì, bọ́dì náà kì í sì í ṣe ọ̀nà tí kò ní ìdíwọ́ rárá. Ẹ́ẹ̀tì ihò ìtanná sìgá àti ẹ́ẹ̀tì redíò kò wà lójú kan náà, nítorí náà ìwọ̀n fóòtì wọn kì í dọ́gba. Lọ́jọ́ tí ẹ bá so fóònù mọ́ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ ti fi fóònù ṣe afárá láàárín wọn: iná kékeré á máa gba inú wáyà ẹ́ẹ̀tì AUX kọjá, redíò á sì kà á mọ́ orin. Pawa bánkì kò so mọ́ ọkọ̀ níbì kankan, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí afárá náà fi já.

Ẹ tún ẹ́ẹ̀tì redíò ṣe ná, nítorí 0.32 tí ẹ rí ju 0.1 tí ọ̀gá rewáyà wí lọ. Bí ariwo ṣájà bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra ohun kékeré tí wọ́n ń pè ní ground loop isolator, kí ẹ fi sáàárín AUX àti redíò. Tiransifọ́mà kéékèèké méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan fún ọwọ́ òsì. Agbára mágínẹ́ẹ̀tì ni ohùn ń bá kọjá, wáyà kan kò sì so ìhà kìíní mọ́ ìhà kejì. Èyí tí kò dára máa ń gé ìsàlẹ̀ ohùn kúrò. Ẹni tó ń gbọ́ orin lásán lè fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ohùn àgbà ọkùnrin lè sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bí ìgbì 85 sí 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹ dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìjálá gan-an kí ẹ tó sanwó.

Ọmọ Òkè-Ògùn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, mà, àti lọ́wọ́ ọ̀gá rewáyà. A tú redíò lánàá. Ńṣe ni ẹni tó dè é wé wáyà dúdú rẹ̀ mọ́ ṣúrúù kan tó wà lórí páànù tí wọ́n kùn lọ́dà. A fi sáńpépà họ ojú ibẹ̀ títí irin fi hàn, a fi wáyà tó nípọn dè é mọ́lẹ̀ dáadáa, nígbà tí a sì tún wọ̀n ọ́n, 0.03 ló kù. Bí redíò bá dá wà báyìí, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ṣájà ṣì ń mú díẹ̀ wá, isolator sì kó ìyẹn lọ. Mo gbọ́ “ọ̀kọ̀” kedere.

Ẹyọ kan ló kù. Bí mo bá ti kọjá Ìsẹ́yìn, ariwo mìíràn máa ń já wọlé, ó máa ń dún “dì-dì-dìt, dì-dì-dìt”, ìpè á sì wọlé lẹ́yìn rẹ̀ nígbà mìíràn. Kò tẹ̀lé ẹnjìnnì rárá.

Rewáyà Ṣáṣá

Ìyẹn kì í ṣe ti ọkọ̀, ti fóònù ni. Bí nẹ́tíwọ́kì bá fà sẹ́yìn dé 2G (irú ti àtijọ́), ní ìdákúrekú ni fóònù ń bá òpó sọ̀rọ̀, nǹkan bí ìgbà 217 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí òpó bá sì jìnnà, ó máa ń pariwo tagbára tagbára. Wáyà AUX ló ń gbọ́ ọ bí eriali. Ẹ má fi fóònù sórí redíò tàbí kí ẹ ká AUX jọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà díẹ̀, sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ yín. Bí ẹ kò bá retí ìpè kankan, ẹ yí i sí ipò ọkọ̀ òfuurufú títí ẹ ó fi dé Òkèhò, ohùn bàbá nìkan ni ẹ ó sì máa gbọ́.