Bọ́ọ̀lù aago 9 alẹ́, bọ́ọ̀sì iléèwé 6:30 àárọ̀: báwo la ṣe lè ṣètò ẹ̀ nínú ilé?

Ìyá Ìbejì, Kubwa:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló wà nílé wa, pálọ̀ ló wà. Àwọn ìbejì jẹ́ ọmọ ọdún 7, àbúrò wọn ò tíì pé 3. Aago 5:30 ni wọ́n ń jí, bọ́ọ̀sì á gbé wọn ní 6:30. Bàbá wọn fẹ́ràn bọ́ọ̀lù gan-an, n ò sì fẹ́ kó pa á tì, torí ìgbádùn tó ní lẹ́yìn iṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá, oorun àwọn ọmọ ti dàrú, Sátidé sì ti di ti tẹlifíṣọ̀n látọ̀sán dalẹ́. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí bọ́ọ̀lù àti ilé fi ń gba ara wọn láyè?

Bàbá Tọ́lá, Gwarinpa:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Oṣù kọkànlá tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn nídìí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, àwọn ará Yúróòpù máa ń dá aago wọn padà sẹ́yìn ní wákàtí 1. Àwa kì í yí tiwa. Champions League, ìdíje àwọn kílọ́ọ̀bù Yúróòpù, tó ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 8 alẹ́ lọ́dọ̀ wa nínú oṣù kẹsàn-án á wá di aago 9, yóò sì parí nígbà tí aago 11 bá kù díẹ̀. Ti Premier League, ìyẹn líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́jọ́ Sátidé náà á sún: 12:30, 3 àti 5:30 á di 1:30, 4 àti 6:30. Bẹ́ẹ̀ ló máa wà títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹta. Ètò tó bá oṣù kẹsàn-án mu kò lè bá oṣù kọkànlá mu. Ètò méjì nilé yín nílò lọ́dún.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka iye bọ́ọ̀lù. Kílọ́ọ̀bù kan ń gbá 38 nínú Premier League. Tó bá wà nínú Champions League, ó kéré tán, á tún gbá 8. Ẹ fi ife abẹ́lé méjèèjì (FA Cup àti League Cup) kún un, ó máa ń tó bíi 50 láti oṣù kẹjọ sí oṣù karùn-ún. Ìyẹn ò ju ẹyọ kan àti díẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, kò sì sí ilé tí kò lè gbà á. Àmọ́ gbogbo bọ́ọ̀lù líìgì yẹn lápapọ̀ jẹ́ 380. Bọ́ọ̀lù àwọn kílọ́ọ̀bù míì, téèyàn ń wò torí pé tẹlifíṣọ̀n ti wà ní títàn, ló ń jẹ Sátidé yín.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí bàbá wọn kọ ètò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sílẹ̀ ní aago Nàìjíríà. Kó mú méjì: ti kílọ́ọ̀bù rẹ̀, àti ọ̀kan tó bá wù ú. Kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì. Ẹ̀yin náà ẹ kọ tiyín sí i: ọjà, òde, iṣẹ́ àṣetiléwá. Wákàtí 2 ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù kan, torí háàfù táìmù jẹ́ ìṣẹ́jú 15, àfikún àkókò náà sì wà níbẹ̀. Àríyànjiyàn àwọn atọ́kùn ṣáájú àti lẹ́yìn ẹ̀ lè jẹ odidi wákàtí míì. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gé.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Lugbe:
Òótọ́ ni Bàbá Tọ́lá sọ, ṣùgbọ́n màá ta ko ibì kan. Bọ́ọ̀lù aago 9 rọrùn fáwọn ọmọ ju ti aago 8 lọ. Ọmọ ọdún 7 nílò oorun wákàtí 9 sí 12. Ẹni tó ń jí ní 5:30 gbọ́dọ̀ ti sùn lọ ní 8:30 kó tó rí wákàtí 9. Bí wọ́n bá ti sùn kí wọ́n tó fun fèrè, kò sí wàhálà. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni tẹlifíṣọ̀n tó ti wà ní títàn láti aago 7, táwọn ọmọ á jókòó tì í. Torí náà, lọ́jọ́ iléèwé, ẹ pa á láti 6:30 sí 8:45: iṣẹ́ àṣetiléwá, oúnjẹ, ìwẹ̀, ibùsùn.

Tí tẹlifíṣọ̀n bá wà lára ògiri yàrá àwọn ọmọ, ẹ gbé e lọ sí ògiri òdìkejì. Wáyà díìṣì á nílò àfikún mítà díẹ̀. Ariwo góòlù kan ṣoṣo tó láti jí ọmọ. Ẹ̀rọ àfisétí Bluetooth, tàbí èyí tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, á ran bàbá lọ́wọ́.

Ti àbúrò wọn le díẹ̀. Lọ́dún 2019, WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ pé kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má wo ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́, kódà kó dín sí i. Bọ́ọ̀lù kan ti ju ìyẹn lọ. Tó bá jókòó lórí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ fún ìdajì àkọ́kọ́, ẹ gbé e kúrò ní háàfù táìmù.

Alhaji Mararaba:
Kí ló dé tí bàbá wọn ò lọ wò ó ní gidan kallo, ilé tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù? Ilé á dákẹ́.

Bàbá Tọ́lá, Gwarinpa:
Alhaji, lọ́sàn-án Sátidé, mo fara mọ́ ọn. Láàárín ọ̀sẹ̀, rárá. Bọ́ọ̀lù á parí ní nǹkan bí aago 11, ọkọ̀ á ti wọ́n, èèyàn á sì fi ojú tó pọ́n lọ síbi iṣẹ́. Ibi tẹ́tẹ́ sì sábà máa ń wà nítòsí gidan kallo. N ò sọ pé bàbá ìbejì ń ta o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ bọ́ọ̀lù 10 sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan á fẹ́ wo gbogbo ẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá tiẹ̀ ní àǹfààní ìdajì, pé kí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bọ́ sí i jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,024.

Ìyá Kàfáyà, Nyanya:
Fún àwa tá à ń kírun: nínú oṣù kọkànlá, oòrùn ń wọ̀ ní Abuja ní kété lẹ́yìn aago 6. Bọ́ọ̀lù Àìkú tó bẹ̀rẹ̀ ní 5:30 máa dé háàfù táìmù ní bíi 6:17. Kí gbogbo ilé ti ṣàlùwàlá sílẹ̀, ẹ ó kí Mágáríbì pọ̀ láìfi nǹkan sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Kubwa:
Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bùkún yín. Sátidé tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá bọ́ sí àsìkò òde ẹbí ńkọ́?

Bàbá Tọ́lá, Gwarinpa:
Tí dẹ̀kódà yín bá jẹ́ Explora ti DStv, ó lè gbà á sílẹ̀. Ẹ ṣí ètò ìkànnì, ẹ lọ sórí bọ́ọ̀lù náà, ẹ tẹ R lórí rìmóòtù. Kẹ́ ẹ tún tẹ R fún ètò tó tẹ̀ lé e, torí bọ́ọ̀lù ife lè wọ àfikún ìṣẹ́jú 30 àti pẹ́nárítì, kó sì gé níbi tó dùn jù. Dẹ̀kódà gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ ìnfátà, torí bí NEPA bá mú iná, kò ní gba nǹkan kan. Kí ọkọ yín pa ìró WhatsApp àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí tí ẹ ó fi dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ti sọ iye góòlù fún un kó tó kúrò lóde.