Pẹpẹ ìdílé: ohun tó ń mú àdúrà òwúrọ̀ dúró nínú ilé

Àgbà Ìjọ:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ohun tó sábà ń pa àdúrà òwúrọ̀ nínú ilé onígbàgbọ́, gígùn ni, kì í ṣe ọ̀lẹ. Láàárín ọ̀sẹ̀, ìṣẹ́jú 15 tó. Tó bá ti kọjá 20, ọmọ kékeré á máa tòògbé, bàbá á máa jágbe mọ́ ọn, igbe yẹn ni ọmọ náà yóò sì máa rántí nígbàkígbà tí wọ́n bá dárúkọ Ọlọ́run.

Bí ìṣẹ́jú 15 náà ṣe ń lọ nìyí: orin kan, ẹsẹ méjì péré (orin tó ní ẹsẹ mẹ́fà, ẹ má kọ ọ́ tán), Bíbélì, ẹsẹ 8 sí 15, ìbéèrè kan lórí ohun tí a kà, ọpẹ́, lẹ́yìn náà àdúrà fún ẹni kọ̀ọ̀kan lórí ohun pàtó tó wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìbáà ṣe ìdánwò, ìbáà ṣe ọjà tó fẹ́ lọ rà. Àdúrà Olúwa, ká sì jọ ka Oore-ọ̀fẹ́. Ẹ̀bẹ̀ lórí ìjọ àti orílẹ̀-èdè, ẹ gbé e sí Sátidé tí àyè wà. Láti alẹ́ àná ni kí ẹ ti mọ ẹni tí yóò dá orin, ẹni tí yóò kàwé, ẹni tí yóò gbàdúrà. Tó bá jẹ́ bàbá nìkan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, ọjọ́ tí bàbá bá rìnrìn àjò ni pẹpẹ wó.

Ẹ̀yin tó ń jáde nílé ní aago márùn-ún ìdájí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ẹ má fi tipátipá sọ ọ́ di ti òwúrọ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́, kí oorun tó kun ojú, dára bákan náà. Diutarónómì 6:7 mẹ́nu kan ìgbà tí a bá dùbúlẹ̀ àti ìgbà tí a bá dìde.

Olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi:
Ẹ kú àlàyé, bàbá. Ti Bíbélì kíkà ni tèmi. Orí 1,189 ló wà nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì ní ọjọ́ kìíní ọdún, tó ń ka orí mẹ́ta lójúmọ́, yóò parí Jẹ́nẹ́sísì (orí 50) àti Ẹ́kísódù (orí 40) ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní. Lọ́jọ́ kejì, ó ti wọ Léfítíkù: ọ̀rá, kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀ wíwọ́n sórí pẹpẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ti Bíbélì pa, tí wọ́n á sì rò pé àwọn kò ní ìtara. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni kò bá wọn mu.

Ẹ jẹ́ kí ilé yín bẹ̀rẹ̀ láti Máàkù. Orí 16 ni, ìtàn inú rẹ̀ ń yára lọ, ọmọdé á lè gbọ́ ọ. Májẹ̀mú Tuntun jẹ́ orí 260, ìyẹn orí márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 52, Mọ́ńdè sí Fúráìdè, láìkù ẹyọ kan. Òwe ní orí 31, ẹ lè máa ka èyí tó bá ọjọ́ oṣù mu. Sáàmù 119 gùn ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ìpín 22 ni, ẹsẹ 8 ní ìpín kọ̀ọ̀kan, ó tó òwúrọ̀ 22. Bí ẹ bá pa ọjọ́ kan jẹ, ẹ má gbìyànjú láti san gbèsè rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ti òní ni kí ẹ kà.

Bíbélì Yorùbá tó pé, tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí, jáde ní 1884. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà rẹ̀ tó wà nílé kò ní àmì ohùn tó pé, ọmọ tó ń kà á lè má mọ̀ bóyá ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀ ni. Kí àgbàlagbà kan bá a ka ẹsẹ yẹn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ọmọ tí wọ́n bá fi rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, kò ní fẹ́ kàwé mọ́.

Ìyá Ìjọ:
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí a kì í fẹ́ sọ. Ìjà tí a fi àdúrà bò. Ìyàwó á di ojú, á ní, "Olúwa, fọwọ́ tọ́ ọkàn ẹni tó ń há owó oúnjẹ mọ́wọ́ nínú ilé yìí." Ọkọ náà á gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Baba, bá wa ba ẹ̀mí àìgbọràn jẹ́." Àwọn ọmọ ń ṣe àmín, wọ́n sì mọ ẹni tí à ń bá wí dájú. Kò sí ohun tó ń sọ ọkàn ọmọ di òkúta sí àdúrà tó èyí.

Mátíù 5:23-24 ní kí a fi ọrẹ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, ká lọ bá arákùnrin wa làjà ná. Nínú ilé, alẹ́ ni ìyẹn ti ń bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn má baà wọ̀ lórí ìbínú, gẹ́gẹ́ bí Éfésù 4:26 ṣe wí. Tí ọ̀rọ̀ kò bá tíì yanjú nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kí tọkọtaya náà má gba àdúrà àtinúwá rárá. Ẹ ka Sáàmù kan, ẹ ka Àdúrà Olúwa, ẹ dìde. Nígbà tí ẹ bá dé "dárí gbèsè wa jì wá", ó ti tó.

Àṣìrí ọmọ pẹ̀lú kò gbọdọ̀ wọnú àdúrà. Ọmọ tó tọ̀ sórí ibùsùn lóru àná, ìyá rẹ̀ lè gbàdúrà fún un ní kọ̀rọ̀. Bí òbí bá sì ti nà án láìtọ́, pẹpẹ ni ibi tó yẹ kó ti wí fún un létí gbogbo ilé pé, "Èmi ni mo ṣì í, má bínú."

Ará Ìlú Ọba:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Fún àwa tó wà ní Ìlú Ọba, iṣẹ́ alẹ́ oníwákàtí 12 kì í jẹ́ kí gbogbo ilé pàdé lójoojúmọ́. Ẹ mú ọjọ́ méjì tó dájú, kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ka Sáàmù kúkúrú sórí WhatsApp láwọn ọjọ́ yòókù. Bí ẹ bá fẹ́ kí bàbá àgbà dara pọ̀ láti Nàìjíríà, aago kan náà ni a jọ ń lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti Ìlú Ọba níbí. Nígbà òtútù, aago mẹ́fà tiwọn ni márùn-ún tiwa, nítorí náà Sátidé ló dáa. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá lè kọ́ Àdúrà Olúwa ní gbólóhùn kan lọ́sẹ̀.

Lẹ́nu iṣẹ́, ẹ rántí Nehemáyà 2:4. Ọba bi í léèrè, ó gbàdúrà sí Ọlọ́run ọ̀run, ó sì dáhùn. Àdúrà náà kò lè ju èémí kan lọ. Ó wúlò kí a tó gbé fóònù, kí a tó dá ọ̀gá tó ń bínú lóhùn.

Nọ́ọ̀sì:
Ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ààwẹ̀ Wẹsidé. Aláboyún, ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, kí wọ́n má febi pa ara wọn. Wọ́n lè yẹra fún ẹran tàbí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó ń mu kọfí lójoojúmọ́, kó dín in kù láti ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọ́rí ni yóò fi ọ̀sán gbà. Ẹ̀kọ gbígbóná ni kí ẹ fi ṣínu, kí ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó kan iyán. Owó oúnjẹ ọ̀sán tí a kò jẹ, Aísáyà 58:7 ti sọ ibi tó ń lọ: ọ̀dọ̀ ẹni tí ebi ń pa. Kí ó kúrò lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà gan-an.

Àgbà Ìjọ:
Ẹnì kan béèrè nípa ẹni tó ń dá gbé. Kó máa ka ìwé náà sókè, kó kọ orin náà sókè, bí ohùn rẹ̀ kò bá tiẹ̀ dáa. Ojú lásán ń sáré kọjá lórí ìwé, ẹnu kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kó kọ orúkọ ènìyàn mẹ́ta sínú ìwé kékeré tí yóò gbàdúrà fún lọ́sẹ̀ náà, kó sì pe ọ̀kan nínú wọn kí Sátidé tó dé.