Àbọ̀ lórí kílíìtì tí pílíìtì rẹ̀ ń yọ síta

Ẹ̀yin ará, mo bèèrè níjelòó ìdí tí pílíìtì (aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ léra wọn) ẹ̀yìn kílíìtì, síkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọkùnrin Scotland máa ń wọ̀, tí mo rà ní Glasgow fi ń ṣí síta bí agbòjò tí wọn kò pa dé tán. Télọ̀ kan tó ń rán kílíìtì ti tú inú rẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ sì ti yanjú.

Áyọ́ọ̀nù tí ọ̀pọ̀ yín dárúkọ kọ́ ni ó fà á. Láti ìbàdí dé ibi tí ìdí ti yọ jù lọ ni ó yẹ kí wọ́n ti rán pílíìtì pọ̀, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ láti wálẹ̀ gbọọrọ; ojú rírán tèmi parí lókè ibẹ̀, nítorí náà ìdí ni ó ń tì í síta. Ó tún há ní ìdí.

Inú kílíìtì gidi ni ó wú mi lórí jù. Nítorí pé aṣọ onírun àgùntàn tó tó yáàdì 8 ni wọ́n sábà máa ń ká sínú rẹ̀, télọ̀ tó mọṣẹ́ a máa gé èyí tó pọ̀ jù kúrò lẹ́yìn pílíìtì ní apá òkè, yóò sì rán aṣọ líle mọ́ ọn, kí ó lè jẹ́ pé aṣọ líle náà ni yóò gba agbára ìdè tí a fi ń so kílíìtì mọ́ ìbàdí, tí ojú rírán pílíìtì kò fi ní máa fà. Aṣọ inú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ni ó wà nínú tèmi, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ kò kéré!

Kò sí aṣọ tó kù tí a lè tú sílẹ̀, nítorí náà mo ti ní kí ó rán òmíràn.